Ka Ti Ilé, Ka Ti Potogí

Fajã de Cana, Santo Antão
19 Oṣù Kẹwàá, 2003

Minha estimada filha,

Ìyẹn ni pé, ọmọbìnrin mi tó níyì. Mo fi Potogí kí ọ nítorí pé ó yẹ kí ìkíni wọ bàtà. Èyí tó kù, ẹnu ilé ni n ó fi sọ ọ́, torí pé ìbínú wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ máa wá ọ̀rọ̀ kiri nígbà tí inú bá ń bí mi.

Ara wa le. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Àgbá tí o kó ẹrù sí ti dé láti Mindelo. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, àfi ọṣẹ tó tú sínú ìrẹsì. A ti jẹ ìrẹsì náà. Ẹnu gbogbo wa mọ́.

Ọ̀rọ̀ Lenira ọmọ rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù. O mọ̀ pé ó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù tó kọjá, lọ́dọ̀ Senhor Bráulio, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Nhô Fortunato, ọmọ yín yìí kò gbọ́ràn. Bí mo bá ní kó wá, á dúró gbagidi bí òpó. Bí mo bá ní kó dúró, á gbé àpò rẹ̀, á gba ilé lọ."

Mo rò pé etí ni. Mo mú un wọ Hiace, a lọ rí dókítà ní Ribeira Grande. Dókítà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta ló fẹ́ súìtì?" Kí ó tó pa ẹnu dé, Lenira ti na ọwọ́. Dókítà ní etí ọmọ náà dára ju tèmi àti tòun lọ. Mo wá mọ̀ pé orí kunkun ni, orí kunkun kò sì sí ní ìdílé tèmi. Ìyá rẹ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni kí o bi nígbà tí o bá rí i.

Ibi tí ọ̀ràn burú sí nìyí. Bráulio ti jù ú sí kíláàsì ọmọdébìnrin kan tí ìjọba gbé wá láti São Nicolau, Tíṣà Zenaida, tó ń wọ ṣòkòtò. Kiriólù, èdè ẹnu ilé wa, ló fi ń kọ́ wọn! Mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Ó ya ewúrẹ́ sójú pátákó, ó ń kọ orúkọ ewúrẹ́ ní èdè ilé sí abẹ́ rẹ̀. Lenira ti mọ ewúrẹ́ kó tó mọ èmi. Ṣé a máa ń rán ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè fi ohun tó mú kúrò nílé kọ́ ọ ni? Ọ̀la, ṣé wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ katxupa?

Èmi tí mo jíṣẹ́ fún àwọn Potogí ní ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, n kò ní gbà. Mo ń kọ ìwé ẹ̀hónú. Gbogbo abúlé ni yóò fọwọ́ sí i.

Jọ̀wọ́, fi jígí ojú mìíràn ránṣẹ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ ń fi ènìyàn kọ̀ọ̀kan hàn mí ní méjì, Bráulio kan ṣoṣo sì ti tó abúlé yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fortunato


Esch, Luxembourg
16 Oṣù Kọkànlá, 2003

Bàbá mi,

Ẹ súre fún mi. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń nu ilẹ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, mo sì ń lọ kọ́ èdè Luxembourg ní ìrọ̀lẹ́, nítorí wọn kì í sọ ènìyàn di ọmọ ìlú bí kò bá lè fi èdè wọn dáhùn ìbéèrè.

Bàbá, ẹ jókòó kí n sọ nǹkan fún yín. Àwọn tó ń sọ èdè tí mò ń kọ́ yìí kò pọ̀ ju àwa lọ. Jámánì há wọn mọ́ níhìn-ín, Faransé há wọn mọ́ lọ́hùn-ún, èdè méjèèjì yẹn ni wọ́n sì fi ń kàwé bí wọ́n bá dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò tíì mọ A, èdè ilé ni tíṣà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mínísítà wọn ń sọ ọ́. Ọlọ́pàá fi ń bú awakọ̀. Lánàá, bí mo ṣe ń nu ilẹ̀, mo gbójú sókè, kí ni mo rí lára ògiri? Ewúrẹ́, Bàbá! Wọ́n ya ewúrẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè tiwọn sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn yìí náà ti mọ ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀, owó wọn kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé oorun lójú mi. Mo ti fi ìwé Lenira sílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó wá bá mi. Bí ó bá bọ́ sí i, ilé-ẹ̀kọ́ ibí yóò béèrè ìròyìn láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ̀. Ẹ rántí Nelito, ọmọ ìsàlẹ̀ odò wa tó ń gbé òpópónà kejì sí mi níbí. Ìwé tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti ilé sọ pé kò lóye. Wọ́n fi í sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò gbé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ náà ló wà dòní, ọmọ tó lè ná ẹja ní èdè mẹ́ta! Bí Bráulio bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lenira kò gbọ́ràn, a ti bà á jẹ́ kó tó wọ ọkọ̀.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ìwé kankan lòdì sí tíṣà yẹn. Kí ẹ sì bi Lenira, pẹ̀sẹ̀, láìsọ Potogí, kí ló ń gbọ́ nígbà tí ọ̀gá bá pè é. Kò sí ẹni tó tíì bi í.

Ọmọ yín,
Ondina


Fajã de Cana
20 Oṣù Kejìlá, 2003

Ondina ọmọ mi,

Ọlọ́run á fún ọ ní oore. Òkun ru, ọkọ̀ kò rìn, ìwé rẹ jókòó sí Mindelo títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹ̀hónú ti lọ. Gbogbo ilé ló fọwọ́ sí i, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ ìka. Potogí tó wà nínú ìwé yẹn, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àfonífojì yìí. Bráulio kà á tán, ó ní, "Nhô Fortunato, ó gún régé," ó sì fọwọ́ sí i tẹ̀lé mi.

Ó ń ṣe mí bíi kí n má sọ ìyókù. Mo bi ọmọ náà bí o ṣe ní kí n bi í. A ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́.

Mo ní, "Lenira, nígbà tí Senhor Bráulio bá ní *Anda cá*, kí lo ń gbọ́?"

"Ó ní kí n máa rìn, ó tún ní kí n má rìn."

"Kí ni ìwọ wá ṣe?"

"Mo dúró dè é kó mọ èyí tó fẹ́."

"Nígbà tó ní *Fica cá* ńkọ́?"

"Dúró, má dúró. Ti 'má' ló sọ kẹ́yìn, mo wá lọ sílé. Bàbá àgbà, ṣé orí ọkùnrin yẹn pé?"

Ṣé o rí i? Ka! Ka lásán! Lẹ́nu tiwa, ka ni "má", ka ni "kò". Lẹ́nu Potogí, ka, tí wọ́n ń kọ ní *cá*, ni "níbí". Ọkùnrin náà ń pariwo pé "Wá síbí, dúró síbí," ọmọ ń gbọ́ "Rìn, má rìn, dúró, má dúró." Àṣé òun ló ń gbọ́ràn jù nínú kíláàsì! Mo rẹ́rìn-ín débi pé Nhá Bia sáré wọlé láti ilé kejì, ó ní ta ló kú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, n kò lè jẹun mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní aláìgbọràn, ó sì ń gbìyànjú láti ṣe ohun méjì tí wọ́n ní kó ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Síbẹ̀, ẹ̀bi àwọn Potogí ni. Ta ló ní kí wọ́n fi ka síbi tí kò yẹ kó wà?

Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ Tíṣà Zenaida, ọmọ náà kì í dákẹ́. Ó mú èédú, ó kọ "ewúrẹ́" sára ilẹ̀kùn mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí n nà án. Mo kọ́kọ́ kà á ná. Zenaida ti ń fi Potogí kún un díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n to ka méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n fi ṣeré. Àwọn ọmọ ń pe ara wọn ní *cá*, wọ́n ń sá padà ní *ka*, eruku ń sọ.

Ìwé mi ni yóò lé obìnrin yìí lọ. Bí ó bá lọ, ọ̀dọ̀ Bráulio ni Lenira ń padà sí. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Bàbá rẹ,
Fortunato


Esch
8 Oṣù Kìíní, 2004

Bàbá mi,

Ẹ súre fún mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n bínú tán.

Kí ni ẹ̀ ń bi mí pé kí lẹ máa ṣe? Ẹ lọ gbà á padà! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ a fọ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ẹyin, ó ṣeé ya. Ẹ wọ Hiace, ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ẹ ní ẹ ti yí ọkàn padà. Ẹ sọ pé jígí ojú ló ṣe é. Ẹ sọ pé ara yín kò yá.

Mo mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ojú ń tì yín kí àwọn akọ̀wé má baà rí i pé Fortunato, ẹni tó ń jíṣẹ́ fún Potogí, ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá, kílódé? Ẹ̀yin náà ẹ wo ìwé yín. Ìlà kan ni Potogí, ìyókù Kiriólù. Èdè tí ẹ fi ń bá èmi jà kò dára tó láti fi kọ́ ọmọ mi?

Mo ti bínú tán. Mo ki jígí ojú tuntun sínú àpò ìwé yìí. Ẹ dáhùn kíákíá.

Ondina


Esch
29 Oṣù Kejì, 2004

Bàbá mi,

Ẹ súre fún mi. Kò sí èsì. Mo fóònù sí Nhá Bia. Ó ní ara yín le, ó ní ẹ̀ ń wọ kóòtù lọ sí ìlú léraléra, ẹ sì ń bọ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kóòtù dúdú, nínú oòrùn yẹn? Kí lẹ̀ ń lọ ṣe? Wọ́n ti béèrè ìròyìn Lenira níbí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ó bá burú, ẹ sọ fún mi pé ó burú.

Ondina


Fajã de Cana
21 Oṣù Kẹta, 2004

Ondina ọmọ mi,

Ọlọ́run á fún ọ ní oore. Jígí ojú dára. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ti padà di ẹyọ kan.

Mo lọ gba ìwé náà bí o ṣe wí. Akọ̀wé ní ó ti kúrò lórí tábìlì òun. Mo padà lọ, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo tún padà lọ, ọ̀gá wà ní Mindelo. Níkẹyìn wọ́n ní kí n lọ sinmi, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá sí abúlé wa nítorí ìwé mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ̀wé sí ọ. Kí ni n bá kọ?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó dé. Obìnrin ni, ó sanra, ó ní ohùn. Gbogbo òbí jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wa kan àgbọ̀n. Tíṣà Zenaida dúró sí igun, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti di ẹrù rẹ̀, mo rí àpótí náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lenira jókòó sí iwájú, ó ń wò mí.

Alábẹ̀wò yọ ìwé mi jáde, ó ní òun fẹ́ kà á sétí gbogbo ayé. Mo ti sọ fún àwọn ènìyàn tipẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìwé mi, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀: *Nós cá queremos esta professora.*

Ondina, tún un kà. O ti rí ohun tí mo ṣe?

Nínú ọkàn mi, ohun tí mo kọ ni "Àwa kò fẹ́ tíṣà yìí." Ka tiwa ni mo fi sí i! Mo da aṣọ Potogí bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, mo gbàgbé pé ìhòòhò ni ka náà wà láàárín wọn. Ohun tí obìnrin yẹn ń kà sétí wa ni pé, "Àwa tí a wà níbí, a fẹ́ tíṣà yìí." Ó sì ń bá a lọ. Àwa tí a wà níbí, a fẹ́ Kiriólù nílé-ẹ̀kọ́. Àwa tí a wà níbí, a gbà pé èyí ni ọ̀nà tó tọ́. Kò sí ìlà tí kò ní tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ ní gbogbo ibi tí mo ní kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

Mo wo Bráulio. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó lọ kàwé ní Praia! Òun náà kà á kó tó fọwọ́ sí i, òun náà rí ka, "kò" ló sì gbọ́. Ọkùnrin tó ń bá ọmọ mi wí nítorí ka, ka gbé òun náà ṣubú.

Alábẹ̀wò ká ìwé náà, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Nhô Fortunato, gbogbo ibi tí mo ń lọ, ìwé pé kí a lé irú tíṣà báyìí ni wọ́n ń kọ sí mi. Ẹ̀yin ni àgbà àkọ́kọ́ tó kọ̀wé pé kí a fi í sílẹ̀." Ó ní kí n dìde sọ̀rọ̀.

Mo dìde. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, Zenaida ń lọ, Lenira ń padà sọ́dọ̀ Bráulio, gbogbo Santo Antão á sì mọ̀ pé n kò mọ Potogí kọ. N kò mọ èyí tó dẹ́rù bà mí jù nínú wọn, má bi mí. Mo ní, "Ohun tí mo kọ, mo ti kọ ọ́." Mo jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àga kan fi dá.

Zenaida ń dúró. Kíláàsì náà yóò máa bá a lọ. Wọ́n ti fi mí ṣe alága àwọn òbí. Bráulio bá mi rìn dé ìta, ó ní, "Potogí yín gún régé." Mo ní, "Tiyín náà." A kò tún sọ ọ́ mọ́.

Bí o bá sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, n ó kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Bàbá rẹ,
Fortunato, Alága


Esch
18 Oṣù Kẹrin, 2004

Alága mi,

Ẹ súre fún mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ dárí jì mí, mo sọ fún ẹnì kan, Dona Graça nìkan, ìyá Potogí tó ń gbé lókè ilé mi. Ó ní òun kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó ní bí àwọn ènìyàn abúlé òun ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ó ní kí n kí yín kú iṣẹ́. Ẹ̀yin àti Bráulio nìkan lẹ mọ̀ pé ẹ ṣi í kọ, Bàbá.

Ẹ tún jókòó. Ìwé Lenira ti jáde! Ìròyìn láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ṣáájú rẹ̀. Tíṣà Zenaida kọ ọ́, Bráulio fọwọ́ sí i: ó ń gbọ́ràn, ó ń kàwé, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní yóò wọ kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí wàhálà. Mo sunkún ní ọ́fíìsì wọn, n kò tijú.

Ìyàwó Nelito ń bọ̀ wálé ní oṣù keje. Òun ni yóò mú Lenira bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Ẹ bá mi di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àyè wà níbí. Ẹ ò ṣe bá a bọ̀?

Ọmọ yín,
Ondina


Fajã de Cana
15 Oṣù Kẹjọ, 2004

Ondina ọmọ mi,

Ọlọ́run á fún ọ ní oore. Bí o bá ń ka èyí, Lenira ti wà lọ́dọ̀ rẹ, o sì ti mọ̀ pé kì í sinmi ẹnu.

Mo sìn ín dé Porto Novo. Láti orí òkè dé etí òkun, ó ń bi awakọ̀ ní orúkọ gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ kó wọn dání. Mo ti múra ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀, ní Potogí, ọ̀rọ̀ tó ní orí tó ní ìrù, kí àwọn ará ọkọ̀ lè mọ ilé tó ti jáde. Nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún, n kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀ mú. "Máa jẹun" ni mo sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin náà." Ó wọlé, n kò rí i mọ́ láàárín àwọn èrò.

O ní kí n wá. Èmi kò wá. Ta ni yóò ṣe alága? Zenaida tún ní kí n máa wá ní ọjọ́ Ẹtì láti sọ ìtàn àtijọ́ fún àwọn ọmọ, nítorí kò sí ìwé tó tó ní èdè wa. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà ìsinmi yìí, àwọn díẹ̀ tó wà nílé wá. Ọmọ kan sùn. Àwọn tó kù ní kí n tún un sọ.

Ilé dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nhá Bia ń gbé katxupa wá, a ń jẹ ẹ́, a kò ní ẹni tí a máa bá wí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà ju bí mo ṣe rò lọ, n bá ti sọ fún un.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, má sì rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bẹ̀ ọ́. Wọ́n á kọ́ ọ ní èdè Luxembourg, wọ́n á kọ́ ọ ní ti Jámánì àti ti Faransé. Kó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá rẹ, nígbà tó bá ń jẹun, nígbà tó bá ń kọ̀ láti wẹ̀, Kiriólù ni kí o máa bá a sọ. Bí ó bá bú ọ ní Kiriólù, fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ó bú ọ tán. Nítorí bí ọdún bá gorí ọdún, tó bá fóònù mi, tó sì jẹ́ pé Potogí nìkan ló kù láàárín àwa méjèèjì, n ó kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, n ó béèrè ara rẹ̀ àti ara ìyá rẹ̀, n ó sì dágbére fún un. Ó parí nìyẹn. Gbogbo Potogí tí mo gbọ́ láyé mi, Ondina, kò tó èyí tí mo lè fi bá ọmọdé ṣeré.

Bàbá rẹ,
Fortunato